Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ọjà Gbàǹjo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ nínú ilẹ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tó rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Èmi àti ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ikpinlè, à ń ṣa àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó ṣì dára. Zémíjàn kan, ọlọ́kadà ilẹ̀ wa, dá alùpùpù rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, obìnrin kan sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú mi, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó mú okùn tuntun kan dání, pẹ̀lú ògbólógbòó aṣọ méjì tó nípọn, irú èyí tí a fi ń di ẹrù kó má baà ha lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó wá bi mí bóyá ilé aránṣọ tó ń ta maṣíìnì nìyí.

Mo ní, "Ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ò ta maṣíìnì kankan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ẹ ò tà á mọ́, Tàǹtí. Èmi ni mo rà á. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti ní ọkọ̀ máa gbé e wá fún mi. Nígbà tí mi ò rí ọkọ̀, mo ní kí n kúkú wá gbé e fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe aránṣọ náà. Àná la ṣì jọ sọ̀rọ̀."

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró nínú àgbàdo.

Mo rọra sọ fún obìnrin náà pé ẹni tó ń béèrè ti kú. Kò gbà mí gbọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá mi, ó yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín wa.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ọjà. Maṣíìnì mi nìyí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lọ́wọ́ mi, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Ara mi ni kò yá tí mo fi fẹ́ tà á." Ó húkọ́. "Ẹ má bínú, ikọ́ yìí ni. Ikpinlè ni mo wà."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, à ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké, a sì ń gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń ha ilẹ̀, ṣá, ṣá, ṣá. Ìyá mi ló ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀, nítorí mo wà níbẹ̀.

"Tún un tẹ̀," ni ìyá mi wí.

Obìnrin náà tún un tẹ̀. Ìyá mi ní kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì gbàgbé di òní: "Nígbà tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lánàá, ṣé ó ṣì ń húkọ́?"

Èmi ni mo gba ohùn yẹn sílẹ̀. Èmi náà ni mo ya fótò tó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adja-Ouèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kò kàwé tó mi, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ìwé kankan kò lè kọ́ mi. Aṣọ ìyàwó, aṣọ ilé ìwé, aṣọ funfun àwọn ará ìjọ Sẹ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Kò bímọ, kò sì fi ìyẹn da ẹnikẹ́ni láàmú. Nígbà tí ikọ́ náà kò lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ maṣíìnì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun máa tà á, kí òun fi owó rẹ̀ lọ rí dókítà ní ìlú ńlá, ní Àjàṣẹ́.

Mo ní kó jẹ́ kí á gbé e sí gbàǹjo orí fóònù. Ẹgbẹ́ kan wà nígbà náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè wa wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní nǹkan tí o fẹ́ tà, o máa gbé fótò rẹ̀ síbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ á kéde rẹ̀, àwọn ènìyàn á máa pè é lé, kálukú á máa fi owó lé ti ẹni tó ṣáájú, títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá pe iye tó ga jù ló ni ín. Mo ti ra àga ṣọ́ọ̀ṣì àti ìkòkò ńlá méjì níbẹ̀, kò sì sí ìjà.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n ya maṣíìnì náà nìkan. Èmi ni mo ní kó gbé ọwọ́ lé e. "Ẹ gbé ọwọ́ òsì yín lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀," mo wí, "kí wọ́n lè rí i pé ó ní ẹni tó ni ín." Ọwọ́ òsì rẹ̀ ní àpá kan lẹ́bàá àtàǹpàkò, ibi tí irin tí a fi ń lọ aṣọ ti jó o. Àpá náà hàn kedere nínú fótò. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn ènìyàn máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ohùn ju ìwé lọ. Òótọ́ sì ni mo sọ. Òótọ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló pe iye tó ga jù. Kò bi wá ní ohunkóhun. Kò béèrè bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tàbí iná. Kò béèrè irú abẹ́rẹ́ tó ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ fi maṣíìnì jẹun, bí ó ti wù kó rí, á béèrè abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí a máa ń gbà bí owó bá wọlé. Ó ní ọkùnrin náà ti sanwó, pé ó sì ti ṣèèṣì fi iye kan lé e. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé: kí ẹ̀gbọ́n mi dá iye tó lé padà, kó sì gbé maṣíìnì fún zémíjàn tó ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ìgbà ìsinmi ọ̀sán ni mo dé láti ilé ìwé. Mo bá zémíjàn náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu omi tí ìyá mi fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi aṣọ bo maṣíìnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wo inú àpò owó yín lórí fóònù?"

"Iṣẹ́ ti wọlé, mo ti kà á."

"Iṣẹ́ kọ́ ni mo béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ lè kọ irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo inú àpò owó náà gan-an."

Ó wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ohun tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. A bẹ zémíjàn pé kó máa lọ. Kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kàn pè é pé kó wá gbé ẹrù ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Mi ò tà á mọ́. Kó wà pẹ̀lú mi dé òpin." Ó ní kí n sọ fún olórí ẹgbẹ́ kó yọ fótò àti ohùn kúrò. Olórí ẹgbẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe é kó. Wọn kò tíì rí ayé tí ẹnì kan máa kó o nílẹ̀, tí á sì gbé e lọ sọ́jà.

Ó kú nígbà òjò, ní ilé, kì í ṣe ní Àjàṣẹ́. A sin ín sí ilẹ̀ bàbá wa.

Obìnrin tó mú okùn wá náà kò tètè lọ. Ó jókòó, a fún un lómi, ó sì rò ó fún wa. Abúlé kan lẹ́yìn Oko-Akarè ló ti wá; ilé aránṣọ ní Ikpinlè ló ní kí zémíjàn gbé òun lọ. Ó ti parí iṣẹ́ kíkọ́, ó sì ń wá maṣíìnì tí yóò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ gbàǹjo mìíràn tó jìnnà sí tiwa ló ti rí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè é lé, ẹlòmíràn borí rẹ̀, ó gbà pé kò sí tòun. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, "aránṣọ" náà kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀: ẹni tó borí kò rí owó san, ìwọ ló kàn, ṣùgbọ́n tètè ṣe é, ẹni méjì ló ń dúró lẹ́yìn rẹ. Ó sanwó lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dá yín lóhùn?" mo bi í.

"Rárá. Ó ní ikọ́ kò jẹ́ kí òun lè sọ̀rọ̀ pẹ́, pé kí a máa kọ̀wé. Èyí tó ti sọ sílẹ̀ yẹn nìkan ni mo gbọ́." Ó wolẹ̀. "Àánú rẹ̀ ṣe mí, Tàǹtí. Mo tilẹ̀ ní kó lo oyin àti òróńbó wẹ́wẹ́."

Nígbà tó lọ, ìyá mi kò ṣa àgbàdo mọ́. Ó wọlé, ó jókòó níwájú maṣíìnì tí a fi aṣọ bò.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Àwọn mìíràn wá. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n gẹ́lẹ́ tí a bá rò pé ó ti tán, alùpùpù kan á dúró lójú ọ̀nà, ẹnì kan á sì béèrè òkú lọ́wọ́ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ sí fèrèsé bí mo bá ti gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dín ohùn rẹ̀ kù níwájú ilé.

Ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ rà á fún. Òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú. Ó ní àwa ni olè, ó ní à ń fi òkú bojú. Ó mú mi lọ sí kọmísáríà. Mo mú ìwé ikú ẹ̀gbọ́n mi dání, mo sì gbé e síwájú ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀. Ó kà á, ó tún wo ọjọ́ tó wà lórí fóònù ọkùnrin náà, ó wá kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀.

Ó ní, "Madáàmù, bí mo bá rí ẹni tó ń kọ̀wé yìí, mo máa mú un. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń lò ti kú láti àná. Kó tó di ọ̀la, á ti mú òmíràn."

Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di orí mú. Nígbà tí a jáde, ó ní kí n dárí ji òun. Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ maṣíìnì.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àkúdàáyà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, bó bá kú níbí, á lọ máa gbé níbòmíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Aya ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹnì kan rí i ní ọjà Pobè tó ń ra òwú. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe Pobè, Kétou ni, ó ti ní ọkọ níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó wo ojú mi, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó kanlẹ̀. Mo bínú sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: nígbà tí mo lọ ra bébà ní Pobè, mo gba ìlà àwọn olówùú kọjá, bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà mi. Mo wo ọwọ́ òsì gbogbo obìnrin tó dúró níbẹ̀.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò sọ pé òun gbà á gbọ́, kò sì sọ pé òun kò gbà á gbọ́. Ó kàn ń bi gbogbo àlejò ní nǹkan kan náà. Ṣé ó ń húkọ́? Ṣé ó sọ pé òun ti jẹun? Ó sì ń ní kí wọ́n tẹ ohùn náà kí òun gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ gbàǹjo tí mo bá mọ̀, kí wọ́n pa ohùn náà rẹ́, ó ní:

"Bí o bá pa á, níbo ni mo ti máa gbọ́ ọ?"

"Ìyá, ó wà lórí fóònù rẹ̀ àtijọ́. Mo tọ́jú rẹ̀."

"Ìyẹn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Èyí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

Mo fi ìwé náà sílẹ̀ láìkọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo yá fóònù olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì wọ ọ̀kan nínú àwọn gbàǹjo náà bí ẹni tó fẹ́ rà. Fótò náà wà níbẹ̀. Mo pè é lé títí agogo mẹ́rin fi lù, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí mi. Nígbà ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ Ajé, nínú kíláàsì tó ṣófo, tí àwọn ọmọ ń pariwo lóde, mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á.

Mo ní kó já ewé ẹ̀gẹ́ kan, kó gbé e lé orí maṣíìnì náà, kó ya fótò rẹ̀ fún mi nísinsìnyí. Ẹ̀gẹ́ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá wà ní Ikpinlè, bó bá na ọwọ́ lójú fèrèsé á já a.

Ó ní iná fóònù òun ti ń lọ. Mo ní mo máa dúró. Ó ní ẹlòmíràn ń dúró, pé bí mi ò bá sanwó kí agogo kan tó lù, òun máa gbé e fún un. Mo ní mo máa wá wò ó fúnra mi, kó sọ ilé fún mi. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí mi.

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn lọ́wọ́ àlejò. Wọn kò tíì fi rán iṣẹ́ sí èmi alára rí. Ẹ káàsán o, ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi nínú kíláàsì náà. Ẹ má bínú, ikọ́ yìí ni. Ó wá dákẹ́ lẹ́yìn "Ikpinlè ni mo wà." Ibẹ̀ gan-an ni ojú mi ti là. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà wa, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò dákẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ohùn náà. Gbólóhùn kan ṣì kù tó sọ, tí mo fi rẹ́rìn-ín nítorí pé ó dà bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́: "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó." Wọ́n ti gé e kúrò. Wọ́n ti gé ìkìlọ̀ lẹ́nu òkú.

Mo kọ̀wé sí i pé: "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ohùn yẹn. Ó ti kú. Èmi ni mo bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sórí rẹ̀."

Agogo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù fún àwọn ọmọ. Lójijì ni fóònù náà dún. Mo rò pé ohùn ọkùnrin ni mo máa gbọ́. Ọmọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ kò sì le.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má ṣépè fún mi."

"Ta ló fún ọ ní ohùn yẹn?"

"Mo rà á ni. Wọ́n máa ń tà wọ́n pọ̀, fótò àti ohùn. Èyí tó bá ní ohùn ló wọ́n jù. Mi ò mọ̀ pé ó ti kú. Mo rò pé ìyá kan báyìí ni, tó wà níbì kan."

"Ní báyìí tí o ti wá mọ̀ ńkọ́?"

Ó pa fóònù. Nígbà tí mo tún pè é, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Èpè ti wà lẹ́nu mi, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n kò jáde. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n bá mi níbi tí mo dúró sí, wọ́n kí mi, mo sì ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Mo rò pé ìyẹn máa tó. Kò tó. Ẹlòmíràn ti ra fótò náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe èmi. Arúgbó kan ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, tó wá pẹ̀lú ọ̀pá láti ọ̀nà oko. Maṣíìnì náà ló fẹ́ rà fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Òun kò pariwo, kò bú wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó kọjú sí ìyá mi nìkan.

Ó ní, "Ohùn ọmọ yín dára. Àwọn ọmọ ilé wa ní kí n má sanwó, mo ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí kò lè purọ́. Òun ni mo gbà gbọ́."

Ìyá mi sìn ín dé ojú ọ̀nà. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tó ti gbálẹ̀ tán, ó pè mí.

"Gbé fóònù wá. Ṣe bí o ṣe ṣe fún un."

Mo bi í bóyá kí n bá a kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ìwé. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu, ó sì sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé:

"Èmi ni ìyá obìnrin tó ń ta maṣíìnì. Ọmọ mi ni. Ó ti kú. Kò ta nǹkan kan fún yín. Ìgbálẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, èmi ni. Ẹ má sanwó. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gé kúrò lẹ́nu rẹ̀."

Ó nà án sí mi. Mo gbé fóònù àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi parí gbólóhùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.

Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí mo mọ̀, àwọn tí mi ò mọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ wọ́n. Olórí ẹgbẹ́ wa fi òfin kan lélẹ̀ láti ìgbà náà: ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan, á ya fótò tuntun pẹ̀lú ohun tí ẹgbẹ́ bá yàn fún un lọ́jọ́ náà, ewé, tàbí òkúta, tàbí bàtà, bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ̀wé sí ọ níkọ̀kọ̀ pé ẹni tó borí ti kùnà, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni kó ti wá sọ ọ́. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù. Wọ́n kúrò.

Àlejò dín kù. Oṣù kan kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi lo ọjọ́ púpọ̀ tó ń gbọ́ alùpùpù, tó ń gbé ojú sókè, tó sì tún ń gbé e sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà nira fún un ju àlejò lọ. Mo mọ̀, nítorí ó nira fún èmi náà.

Obìnrin tó wá láti ẹ̀yìn Oko-Akarè ló ra maṣíìnì náà níkẹyìn. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà. Ó tún fi nǹkan bí ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìyá mi ló ní kí n ránṣẹ́ pè é. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ wá. Ó jókòó, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lórí àkísà kan, lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, ó yí àkísà náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n dì í tán, tí wọ́n gbé e lọ, ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ. Mi ò ya fótò kankan.

Èmi ṣì ń rà, mo ṣì ń tà. Ènìyàn kò lè torí pé ejò wà nínú igbó kó má lọ sóko mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rà bí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan nílé ìwé wa borí nínú gbàǹjo fìríìjì kan, ó sì ní kí n sin òun lọ wò ó. A gun zémíjàn méjì. Ilé náà wà níbi tí wọ́n ní ó wà. Ọkùnrin tó ń tà á wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń yan gààrì lẹ́yìnkùlé. Fìríìjì náà wà, wọ́n tan iná rẹ̀, mo ti ọwọ́ mi bọ inú rẹ̀, ó tutù.

Ẹlẹgbẹ́ mi ti fẹ́ sanwó. Mo ní kó dúró. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó tún ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ sọ fún mi níbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tàǹtí, ṣé ẹ ò tíì rí fìríìjì náà ni?"

"Mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé. Ẹlẹgbẹ́ mi wolẹ̀, ojú tì í nítorí mi. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ọjà. Fìríìjì mi nìyí…" Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo wò ó bó ṣe ń ṣí, tó ń pa dé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi parí. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi pé kó sanwó.